Ṣé kí n dágbére fáwọn olùgbọ́ mi, àbí kí n kàn lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni atọ́kùn ètò ìwàásù àti àdúrà tí ìjọ wa ń ṣe lórí rédíò ní ìdájí, Èkó níbí. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, a ó sì kó lọ níparí oṣù yìí. Alága ìgbìmọ̀ ètò ní kí n má sọ nǹkan kan lórí afẹ́fẹ́, pé ẹlòmíì á kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn èèyàn á sì gbàgbé mi. Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ń pè mí lọ́mọ wọn. Ìyá kan wà ní Mushin, bí mi ò bá tíì kí i, á ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ òun. Ṣé kí n sọ àbí kí n dákẹ́? Wọ́n tún ń bèèrè nọ́ńbà mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má bú sẹ́kún.
Atọ́kùn ètò, Agége

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, sọ ọ́. Má dákẹ́ rárá.

Ohun tó ń ba alága lẹ́rù yé mi. Òfin tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ ní 1992 kò gbà kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kankan níwèé àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń ra àsìkò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò tó wà fún tẹrú-tọmọ. Owó ọrẹ, títí kan ti opó, ló ń gbé ohùn rẹ dé Mushin. Alága ò fẹ́ kí olùgbọ́ yí rédíò síbòmíì kí owó yẹn sì ṣòfò. Nítorí náà, gbàṣẹ. Kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kí o sì mú un lọ bá a. Jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rédíò náà rí i.

Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ìdákẹ́jẹ́ gan-an ló ń lé olùgbọ́ lọ. Wọn kì í rí ojú wa, ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ohùn bá pòórá láìsí àlàyé, ará Èkó á wá àlàyé fún un. Wọ́n á ní o kówó jẹ, wọ́n á ní ìwọ àti pásítọ̀ jà. Kí dánfó tó ti Ìyànà-Ìpájà dé Ọ̀ṣòdì, ọ̀rọ̀ ti hu ìyẹ́. Nígbà tí mo ń ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, wọ́n yọ atọ́kùn kan lórí ètò níbi tí mo wà, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wá láti Òyìngbò, ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú owó nínú àpòòwé, ó ní kí wọ́n bá òun fún ìdílé olóògbé. Ojú ẹ̀ ti wú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sunkún rẹ̀ wà nílé ní Ṣómólú, ara ẹ̀ le koko. Irú ìyà wo nìyẹn fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni?

Má sọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn ń gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, má sì fi gùn. “Ẹ̀yin òbí mi, iṣẹ́ ọkọ mi ń gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Ara mi le, ìjọ ò lé mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.” Ó ti tó. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ìwọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ jókòó nídìí máìkì. Jẹ́ kó ka Bíbélì lọ́jọ́ kìíní, kó gba ìpè lọ́jọ́ kejì, kí òun fúnra rẹ̀ kí ìyá Mushin, kí ìwọ máa ṣe àmín. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, òun ni kó gbàdúrà ìparí, kì í ṣe ìwọ.

Ní ti ẹkún, ka Ìṣe Àpọ́sítélì orí 20. Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà Éfésù wá sí Mílétù, ó ní wọn ò ní rí ojú òun mọ́, ó fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Gbogbo wọn sunkún, wọ́n dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Bí tìrẹ bá dé, kó dé. Kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ní orin kan ní sẹpẹ́.

O ò bi mí nípa ìwé àdúrà, òun ló sì ká mi lára jù. Ìwé tí o ń kọ ẹ̀bẹ̀ àwọn olùgbọ́ sí yẹn, má ṣe gbé e fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Kírìkírì wà níbẹ̀. Ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti ilé ìdáná kí ọkọ má baà gbọ́ wà níbẹ̀. Ìwọ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Pe àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ètò, kí o bi wọ́n bóyá kí o fà á lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà, da tirẹ̀ kọ sínú ìwé tuntun. Ìyókù, ya á, kí o sì dáná sun ún. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àṣírí ará ìlú tí wọ́n ṣe ní 2023 pàápàá ò gbà kí orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láìsí ìdí tó bófin mu, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ló ti yẹ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà rẹ, má pè é lórí afẹ́fẹ́. Fóònù ètò ni kí wọ́n máa pè, kí wọ́n fi iṣẹ́ rán ẹni tó wà níbẹ̀ sí ọ. Àwọn gbájúẹ̀ ń bẹ tó ń dúró de irú àsìkò yìí: wọ́n á fi orúkọ rẹ pe àwọn ìyá àgbà, wọ́n á ní o ń gba owó àdúrà láti Ìbàdàn. Nítorí náà, sọ ọ́ kó yé wọn pé o ò ní bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùgbọ́ kankan láé, pé ẹni tó bá fi orúkọ rẹ bèèrè, olè ni. Gbólóhùn yìí ni kí o kọ sókè pátápátá nínú ìwé tí o máa mú lọ bá alága. Bó bá kà á, mi ò rò pé á tún ní kí o dákẹ́.