Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tìráńsífà tàn yín

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń kó àwọn ọlọ́kadà yín sí àtìmọ́lé n'Ífẹ̀, tó ń gba owó béèlì lọ́wọ́ wọn, àti agbowó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tọ́ka wọn fún un. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó èrò lọ sí ààfin kí wọ́n lè bá yín yọ ọ́. Wọ́n á yọ ọ́ lóòótọ́: kúrò n'Ífẹ̀ ni. Wọ́n á ṣe tìráńsífà rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹ̀yin á dúpẹ́, òun á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lára ọlọ́kadà ẹlòmíì. Bí ọlọ́pàá tó fojú wa rí màbo ní Iléṣà ṣe dé nìyẹn. Ìlú mìíràn ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn.

Pákó ni mò ń tà. Àbúrò mi jẹ oníbàárà kan lówó, oníbàárà gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, wọn ò bá àbúrò mi nílé, ni wọ́n bá mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sì ti sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè lásán, wọn ò sì gbọdọ̀ mú Táyé dípò Kẹ́hìndé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn kàǹtà àgọ́ náà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ bébà yẹn gan-an ni ọlọ́pàá náà jókòó sí tó fi ní kí n fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì obìnrin oní-POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí n má sì kọ nǹkan kan síbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí owó wà fún. Mo kọ ọ́: "béèlì", mo sì fi orúkọ ọmọ náà àti ti àgọ́ náà sí i. Ohun tó padà lé e lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Torí náà, ìwé báńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Kí ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan tó sanwó lọ gba sítétímẹ́ǹtì tiẹ̀, kó kọ ìwé ẹ̀sùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé kan tí ọgọ́rùn-ún èèyàn tẹ̀ka sí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni, wọ́n á sì pe alága ẹgbẹ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀sùn ẹyọ kan ni kó wà nínú ẹ̀: ọjọ́, aago, orúkọ tó wà láyà rẹ̀, iye tó gbà. Ẹ yọ "ọ̀dájú" àti "ẹni ibi" kúrò; bó ti wù kó dùn yín tó, ẹni tó ń ṣèwádìí ò rí nǹkan fi ṣe.

Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Òṣogbo lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí AIG (Assistant Inspector-General) Zone 11, Òṣogbo náà ni. Sí Complaint Response Unit tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá dá sílẹ̀ ní 2015. Sí Police Service Commission l'Ábújá. Àti Public Complaints Commission, tó ti wà láti 1975, tí kì í gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiyín. Bí ọ̀kan bá jókòó lé ìwé náà, òmíràn á béèrè ibi tó dé.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ á dé. Tèmi, ìjòyè àdúgbò ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà pásítọ̀ wa. Wọ́n gbé owó mi wá nínú àpòòwé, wọ́n ní ọmọ ń bẹ lọ́rùn ọkùnrin náà, wọ́n ti ṣètò bí yóò ṣe kúrò ní Iléṣà, kí n ṣáà fọwọ́ síwèé pé mo ti fa ẹjọ́ sẹ́yìn. N ò sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Mo ní kí wọ́n gbé owó náà fún ẹni tó ń ṣèwádìí. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí irú ìwé yẹn, tìráńsífà nìkan ló kù.

Àwọn ọlọ́pàá tí ipò wọn ò tíì dé ASP (Assistant Superintendent), inú orderly room, ìgbẹ́jọ́ abẹ́lé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn, ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n gba fìlà lórí ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn kó tó wọlé. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ̀sùn kàn fúnra ẹ̀ ló máa bi yín ní ìbéèrè o, ẹ múra sílẹ̀. Tèmi bi mí bóyá mo fi owó lé òun lọ́wọ́. Mo ní rárá, mo na sítétímẹ́ǹtì sí ọ̀gá tó jókòó. Obìnrin oní-POS kọ̀, kò wá jẹ́rìí. N ò bá a jà, ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn ló ti ń jẹun. Ó pẹ́ gan-an kí ìwé tó jáde, àmọ́ wọ́n lé e. Ọ̀gá ẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń jẹ níbẹ̀, tìráńsífà ni tiẹ̀. ASP sókè, Police Service Commission ló ń lé wọn, orúkọ ọ̀gá náà ò sì sí lórí ìwé kankan.

Ti agbowó, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ kọngilá ni. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ level 7 sókè, Local Government Service Commission ní Òṣogbo ló ń bá irú wọn wí. Òfin Freedom of Information ti 2011 gbà yín láyè láti kọ̀wé béèrè àwọn owó tí káńsù fọwọ́ sí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Èyí tí agbowó náà bá gbà tí ò sí níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ bá INEC kẹ́ ẹ fìbò pe alága padà, ẹ má dá a lóhùn, àwọn aṣòfin ni ìwé òfin 1999 ṣe ìyẹn fún. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló lè yọ alága. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn tiyín.

Mo rí i pé ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín pé ọlọ́kadà méjì ṣì wà ní àtìmọ́lé láti ọjọ́ Jímọ̀. Ìyẹn ò lè dúró de ìwé ẹ̀sùn. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá ti wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé èèyàn dé iwájú adájọ́, ilé ẹjọ́ ò sì jìnnà n'Ífẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà ní Òṣogbo. Ẹ lọ lónìí.