Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú ìbílẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ara, ń dín ẹ̀yìn ríro kù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kò jọ pé ojú ibi tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà sí ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìwádìí kan láti Jámánì, tó jáde lọ́dún 2007, ló fi èyí hàn kedere jù. Èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ sí ibi tí ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà là sílẹ̀. Wọ́n gún àwọn kejì sí ibòmíràn, abẹ́rẹ́ náà ò sì wọlé jinlẹ̀. Àwọn yòókù gba oògùn àti eré ìdárayá bí dókítà ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àkọ́kọ́, ìdá 44.2 nínú àwọn kejì, àti ìdá 27.4 péré nínú àwọn ìkẹta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì àkọ́kọ́ kéré gan-an. Ìrètí aláìsàn wà lára ohun tó lè fa ìtura náà, àmọ́ ìtura tó rí kì í ṣe irọ́.

Ọ̀rọ̀ egbòogi Ṣáínà, tóun náà wà lára ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, yàtọ̀ síyẹn. Inú rẹ̀ ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ti rí artemisinin, oògùn tó ń wo ibà, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Àmọ́ Aristolochia, ewéko kan tó wà lára egbòogi Ṣáínà bákan náà, máa ń ba kíndìnrín jẹ́.