Èsì sí Ìyá Ìbejì tó ní òun ò rí àyè gbàdúrà mọ́

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti bímọ ẹ ò lè jí ṣàdúrà òru mọ́, ẹ wá ń bi wá bóyá Ọlọ́run ń bínú sí yín. Kò bínú o jàre. Ẹ ṣí Àìsáyà 40:11, ẹ ó rí i pé jẹ́jẹ́ ló ń da àwọn tó lọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ tún wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19, ayé sú u débi pé ó ní kóun kú, áńgẹ́lì tó wá bá a ò wàásù kankan, oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó tún padà sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó wá jẹun sí i. Torí náà ẹ sùn táwọn ọmọ bá sùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá.

Èmi o, tí mo bá ń fọ́mọ lọ́mú lóru, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ kan péré nínú Sáàmù 23 ni mo máa ń sọ sí i létí títí táá fi sùn, àdúrà mi náà nìyẹn. Pọ́ọ̀lù pàápàá, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ọ́ nínú Fílípì 4:11 pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn, ẹ rí i pé ṣe ló kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, táwọn màmá ìjọ bá ní àwọn fẹ́ wá bá yín wẹ ọmọ, ẹ má kọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé inú yín ń bà jẹ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti bímọ, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà lọ.