Àpò Ló Tóbi Jù, àbí Ohun Inú Rẹ̀ Ló Dín?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọmọ ọdún 36 ni ọ́, ọmọ mẹ́ta lo ti bí, gbogbo wọn lo sì fún lọ́mú. Lẹ́yìn èyí tó kéré jù, o gbájú mọ́ dídín ara kù, kílò 24 sì ti kúrò lára rẹ láàárín ọdún kan àbọ̀. Gbogbo èèyàn ń yìn ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá bọ́ kọ́mú lálẹ́, o ní ńṣe ni ọmú rẹ ń fì bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò sí nínú rẹ̀, o sì máa ń pa iná kí ọkọ rẹ tó wọ yàrá, bẹ́ẹ̀ òun ò sọ nǹkan kan rí. Obìnrin kan lórí Instagram ti ní kí o wá gba abẹ́rẹ́ tí yóò mú un kún padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. O wá ń bi mí bóyá àṣejù ni kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta máa ronú iṣẹ́ abẹ ọmú. Nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó fẹ́ gbàgbé, o kọ ọ́ pé: "A ṣì fẹ́ bí ọ̀kan sí i."

Kì í ṣe àṣejù. Ara rẹ ni. Èmi náà bí mẹ́rin, mo mọ bó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá dúró níwájú dígí tí kò dá ẹni tó ń wò mọ̀ mọ́. Àwọn tó ń sọ pé "ṣebí o ti bímọ, kí lo tún ń wá?" kò mọ bó ṣe ń dun ni tó.

Abẹ́rẹ́ yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ. Mo bẹ̀ ọ́, má lọ. Sílíkónì olómi, ohun àtọwọ́dá kan tó dà bí òróró, ni wọ́n ti bá nínú irú abẹ́rẹ́ kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti wọ ẹran ara, kò sí ohun tó dá a dúró, ibi tó bá wù ú ló ń rìn lọ. Ó lè di kókó líle, ó lè mú kí ibẹ̀ kẹ̀, bó bá sì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró kó pa èèyàn. Yíyọ rẹ̀ tán ṣòro gan-an. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ sílíkónì fún ọmú ẹnikẹ́ni.

O tún kọ pé ká ní o mọ̀ ni, o ò bá má fún àwọn ọmọ lọ́mú. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Kentucky l'Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008: iye oyún, ọjọ́ orí, sìgá mímu àti bí ara ṣe tóbi tó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọmú rọ̀, fífún ọmọ lọ́mú ò sí níbẹ̀. Bí o bá lóyún, ibi tí wàrà ti ń wá á wú, awọ á nà. Bí o bá gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ibẹ̀ á súnkì. Ọ̀rá tó kù, ìwọ fúnra rẹ lé e lọ. Awọ nìkan ni kò tẹ̀ lé wọn.

Fojú inú wo àpò ìrẹsì tí wọ́n ti bu ìdajì rẹ̀. Àpò yẹn ò kéré sí i, ó kàn wó ni. Yálà kí o bu ìrẹsì kún un, tàbí kí o gé àpò kí o tún un rán.

Nítorí náà, dúró níwájú dígí láìwọ kọ́mú, ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọmú níbi tó ti pàdé àyà, kí o sì wo orí ọmú. Bó bá wà lókè ọwọ́ rẹ, ohun inú ló dín. Bó bá wà ní déédéé ọwọ́ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń wo ilẹ̀, awọ ló pọ̀ jù. Bí o ṣe júwe tìrẹ, awọ ni mo fura sí.

Ti awọ, gbígbé ọmú sókè ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Dókítà á gé awọ tó lé, á sún orí ọmú sókè. Kò ní fi nǹkan kan kún un o, ọ̀pọ̀ obìnrin ò mọ èyí títí wọ́n á fi jí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àpá rẹ̀ máa ń yí orí ọmú ká, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn ó tún máa ń lọ gbọọrọ lábẹ́ ọmú. Àwa aláwọ̀ dúdú sì ni àpá máa ń wú sí lára jù. Wo etí rẹ níbi tí wọ́n ti lu ú, wo àpá abẹ tí o fi bí ọmọ kejì. Bó bá yọ sókè tàbí tó ń yún ọ, sọ ọ́ fún dókítà kó tó fi abẹ kàn ọ́.

Ti ohun inú, àpò kékeré tí sílíkónì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi sínú ọmú, ni gbogbo ayé mọ̀. Houston ní Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sára obìnrin ní 1962. Ó ń mú ọmú kún dáadáa, wọ́n sì lè ṣe é pọ̀ mọ́ gbígbé sókè, àmọ́ kì í ṣe ohun àfisílẹ̀ títí ayé. Ó lè bẹ́. Ara lè hun awọ líle yí i ká, kó máa fún un títí á fi máa dun ni. Irú àpò yìí tí ìta rẹ̀ ò dán ti fa irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀, òun ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ Allergan kó tirẹ̀ kúrò lọ́jà ní 2019. FDA ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọdún 5 sí 6, lẹ́yìn náà ní ọdún 2 sí 3 síra wọn. Ṣírò owó yẹn mọ́ ọn. Kí o sì gba káàdì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà àpò náà, torí ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ PIP ń lo sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn títí àṣírí fi tú ní 2010.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fa ọ̀rá láti ikùn tàbí itan rẹ sínú ọmú. Ara a máa gba lára rẹ̀ padà, ohun tó ń fi kún un kì í sì í pọ̀. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn, ọ̀rá tí wọ́n á fà lè má tó.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ yẹn ni mo dì mú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bí ọ̀kan, má tíì ṣe é. Oyún yẹn á tún na awọ tí wọ́n gé, owó àti ìrora rẹ á ṣòfò. Bímọ, fún un lọ́mú, gbà á lẹ́nu ọmú, dúró tó oṣù mẹ́fà, kí ara rẹ má sì máa lọ sókè sódò. Ìgbà yẹn ni kí o lọ rí dókítà iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara. Ìwọ tó o wà n'Íbàdàn, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì l'Ékòó náà. Ibikíbi tí o bá lọ, rí i dájú pé orúkọ dókítà wà ní ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n yẹ ọmú rẹ wò fún kókó, kí o sì sọ jẹ́nótáìpù rẹ fún wọn.

Ní báyìí, lọ ra kọ́mú tó bá ìwọ̀n òní mu. Mo mọ̀ pé èyí tí o ń wọ̀ kí o tó fọn lo ṣì ń wọ̀. Lálẹ́ òní, jẹ́ kí iná wà ní títàn, kí o sọ fún ọkọ rẹ ohun tí o sọ fún mi. Bí o bá ti wo dígí tán, kọ̀wé padà, kí o sọ ibi tí orí ọmú wà sí ọwọ́ rẹ, àti bí àpá ọmọ kejì ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ