Ẹ má ya ẹ́ẹ̀tì rédíò sọ́tọ̀ lórí ilé gíga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní áńtẹ́nà yín wà lórí ilé alájà mẹ́jọ n'Íbàdàn, pé ẹ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tuntun (irin tó ń gbé iná wọ ilẹ̀) mọ́lẹ̀ fún rédíò nìkan, ààrá sì tún jó o. Ọ̀pá àdáni yẹn gan-an ló ń pa rédíò yín. Iṣẹ́ orí òrùlé ni mo ń ṣe, ọ̀pọ̀ rédíò tó jó báyìí ni mo sì ti tú wò.

Iná ààrá kì í ṣe bí iná NEPA. Ó ń yára débi pé wáyà gbọọrọ fúnra rẹ̀ á dí i lọ́nà. Bí iná tó tó ampere 10,000 bá ya wọlé láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, mítà wáyà kan ṣoṣo á gbé nǹkan bíi volt 10,000. Ilé yín á tó mítà 25: ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Volt ti wáyà áńtẹ́nà ti gun òkè réré, ti ẹ́ẹ̀tì tó wá láti ìsàlẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, inú rédíò ni iná á gbà kọjá.

Kí volt gbogbo wọn jọ gòkè pọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Bí odò bá kún tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹrù inú ọkọ̀ kì í tìtorí ìyẹn kọ lu ara wọn.

Nítorí náà, lókè lọ́hùn-ún, ẹ fi bàbà pẹlẹbẹ tó kúrú so òpó, awọ irin wáyà áńtẹ́nà, irin ọwọ́ òrùlé àti thunder arrestor (ọ̀pá irin tó ń gba ààrá) pọ̀. Kí thunder arrestor ga ju áńtẹ́nà lọ, kí wáyà rẹ̀ má sì ká kọ́dọrọ níbì kankan. Níbi tí wáyà ti wọ yàrá, ẹ kan páànù bàbà kan mọ́ ògiri. Orí rẹ̀ ni surge arrester (ohun tó ń darí iná àpọ̀jù sínú ilẹ̀) ti áńtẹ́nà, ti iná NEPA àti ara rédíò á ti pàdé, kí ẹ sì so páànù náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé. Ẹ má hú ọ̀pá tí ẹ rì o! Ẹ fi bàbà tó nípọn so ó mọ́ ti ilé lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ wọn ẹ́ẹ̀tì nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ. Kí ìdíwọ́ tó wà fún iná níbẹ̀ má ju ohm 10 lọ. Èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà òjò ń tan ni. Ẹ tún gòkè yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí àwọn olè ń gé bàbà tà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀mí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá ti gbọ́ kí ààrá kù lókèèrè, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kódà bí òjò ò tíì kán. Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó padà gòkè.