Ṣé Ọmọ Mi Lè Ṣẹ́yún Kí N Má Mọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Massachusetts ni à ń gbé, ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Èyí ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún 17, àbúrò rẹ̀ jẹ́ 15. Wọ́n ní ọmọ ọdún 16 lè lọ ṣẹ́yún níbí láìsọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwé wọn kò jẹ́ fún wọn ní oògùn ẹ̀fọ́rí bí n kò bá buwọ́ lu ìwé! Ṣé òótọ́ ni? Irú òfin wo nìyẹn? Bí òfin kò bá fi dandan lé e, ọmọ wo ló máa sọ fún òbí rẹ̀?
— Bàbá Ọlọ́mọge

ÌDÁHÙN: Bàbá Ọlọ́mọge, òótọ́ ni, láti ìparí ọdún 2020. Gómìnà ìgbà náà, Charlie Baker, kò buwọ́ lu òfin náà. Ara ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni bí wọ́n ṣe fa ọjọ́ orí wálẹ̀ láti 18 sí 16. Àwọn aṣòfin fi ìbò borí rẹ̀. Ti àbúrò ṣì yàtọ̀: òbí kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí kí adájọ́ fọwọ́ sí i dípò òbí.

Ti adájọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀. Ní 1979, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí òfin Massachusetts gan-an pé bí ìpínlẹ̀ bá sọ ìfọwọ́sí òbí di dandan, ó gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ọmọ. Bí adájọ́ bá rí i pé ọmọ náà gbọ́n tó láti dá pinnu, tàbí pé ohun tó máa ṣe é lóore nìyẹn, á fọwọ́ sí i. Mary Moe ni wọ́n ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kóòtù níbí, kí orúkọ wọn má baà jáde.

Mo ti bá Mary Moe kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù rí. Àpò ìwé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù adájọ́ kọ́ ló ń bà á o! Àkókò ilé ìwé ni kóòtù ń jókòó, ẹ̀rọ ilé ìwé sì máa ń pe ilé bí ọmọ bá pa kíláàsì jẹ. “Wọ́n á ti pe mọ́mì mi báyìí,” ló ń tún sọ ṣáá. Nígbà tó jáde, ó ní adájọ́ bi òun ní kíláàsì tí òun wà, ó bi òun bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú òun. Ó fọwọ́ sí i. Adájọ́ tó kọ̀ ṣọ̀wọ́n ní ìpínlẹ̀ yìí, a kàn ń fi wàhálà wá ìdáhùn tí a ti mọ̀ ni.

Ọjọ́ ni ó ń jẹ. Àwọn olùwádìí wo àkọsílẹ̀ níbí kí òfin tó yí padà: láti ìgbà tí ọmọ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn títí di ìgbà tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ 8.6 ni fún ẹni tí òbí fọwọ́ sí, 14.8 fún ẹni tó gba ọ̀dọ̀ adájọ́. Oyún kì í sì í dúró de kóòtù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, ó lè ti kọjá ohun tí wọ́n máa fi oògùn ṣe.

Ibi tí èmi àti yín ò ti fẹnu kò nìyí: ẹ rò pé òfin ló ń mú ọmọ sọ̀rọ̀. Ìwádìí kan ní 1991, láwọn ìpínlẹ̀ tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, rí i pé nínú 100 ọmọ tó ṣẹ́yún, òbí àwọn 61 mọ̀. Nínú àwọn tó kù ni ẹ ti máa rí èyí tó mọ̀ pé lílù tàbí lílé kúrò nílé ló kàn, àti èyí tí ẹni tó fún un lóyún ń gbé inú ilé kan náà.

Ní ti oògùn ẹ̀fọ́rí, bí ẹ kò bá buwọ́ lù ú, ẹ̀fọ́rí á lọ. Òfin Massachusetts mìíràn sì gba ọmọ tó bá fẹ́ bímọ láàyè láti buwọ́ lu ìtọ́jú oyún rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò tíì rí bàbá tó kọ̀wé sí mi nípa ìyẹn.

Ẹ má fi òfin ibí wọn ibòmíràn o. Láti 2022 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yí ìdájọ́ tó sọ ìṣẹ́yún di ẹ̀tọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà padà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fòfin dè é fún àgbà àti ọmọdé. Ní Idaho, òfin 2023 ní àgbàlagbà tó bá gbé ọmọ lọ ṣẹ́yún tó sì fi pamọ́ fún òbí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5.

Bí ẹ bá pe ilé ìwòsàn láti bèèrè nípa ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní dá yín lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, nísinsìnyí tí kò sí nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún un bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.