Add-in ímeèlì ọ́fíìsì: ẹ kọ́kọ́ wo irú akáǹtì tí kálukú ń lò, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ìròyìn wọn ń lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi, ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ fi add-in, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ app ímeèlì, sínú Outlook èèyàn 40, èyí tí òṣìṣẹ́ á fi máa ta yín lólobó tó bá rí ímeèlì gbájú-ẹ̀, ẹ ti fi sí i, èèyàn 33 rí bọ́tìnnì rẹ̀, méje ò rí nǹkan kan, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tún un fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Èmi yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, nǹkan tó ń dà mí láàmú ò sì sí nínú add-in yẹn rárá.

Ìkẹjà ni mo ti ń ṣe IT, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà, a ò pọ̀. Tiwa, àwọn tó wà ní héèdì ọ́fíìsì ló wà lórí Microsoft 365, àwọn ará wíàháòsì ní Ṣàgámù ṣì ń lo dóméènì wa àtijọ́, ímeèlì tó bá hosting wẹ́ẹ̀bùsáìtì wá. Outlook kan náà ni gbogbo wa ń ṣí, ojú kan náà ló ní, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ add-in kì í ṣiṣẹ́ lórí akáǹtì POP tàbí IMAP, irú ti àwọn ará Ṣàgámù yẹn, àfi Exchange (ètò ímeèlì ilé iṣẹ́ ti Microsoft) tàbí Microsoft 365. Kò ní sọ fún yín pé òun ò ṣiṣẹ́ o, bọ́tìnnì yẹn ò kàn ní yọjú, tàbí kó yọjú kó ṣókùnkùn, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ lásán.

Tí èyí kọ́ ló ṣe àwọn tiyín, ẹ wo gúrúùpù tẹ́ ẹ pín in fún nínú admin center, ojú ìwé tí ẹ ti ń bójú tó Microsoft 365. Èmi ní gúrúùpù kan tí mo kó àwọn gúrúùpù kéékèèké sí nínú, akáǹtì, sélísì, HR, mo rò pé tí mo bá ti mú èyí tó tóbi, ó ti kárí. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú gúrúùpù náà tààrà nìkan ló máa rí i, gúrúùpù tó wà nínú gúrúùpù, kò kà á sí. Ó sì lè tó wákàtí 24 kó tó yọ sí ẹlòmíì, torí náà ẹ ní sùúrù, kí wọ́n pa Outlook kí wọ́n tún un ṣí. Tó bá jẹ́ pé add-in tiyín jẹ́ ti COM, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti bọ́ sí Outlook tuntun ò ní rí i mọ́, torí Outlook tuntun ò gba COM rárá. Ti fóònù ńkọ́, ẹni tó ń fi app Gmail tàbí app Mail ti iPhone ka ímeèlì ọ́fíìsì ò lè rí add-in kankan níbẹ̀, app Outlook ló gbọ́dọ̀ lò, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì jẹ́ pé inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ojú títì la ti ń ka ímeèlì wa láàárọ̀.

Ìyẹn nìyẹn. Ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí gan-an ni àpótí tí ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ. Tí èèyàn bá tẹ Report, ímeèlì yẹn á kúrò ní inbox rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sí àpótí kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn nínú Defender, apá ààbò ti Microsoft 365, lábẹ́ User reported settings. Mo ṣí àpótí tuntun fún un, mo yàn án, mo ń wò ó láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, òfìfo. Inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gá pé ó jọ pé ìlú ti rọ̀. Àṣé asẹ́ tó ń yẹ ímeèlì wò fún wa ló ń gba ìròyìn yẹn mú lọ́nà, torí ímeèlì burúkú ló wà nínú rẹ̀, ó rí líǹkì jìbìtì, ó sì tì í mọ́ quarantine, ibi tí wọ́n ń há ímeèlì burúkú mọ́.

Àǹtí kan wà ní ẹ̀ka akáǹtì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í fiṣẹ́ ṣeré. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ímeèlì kan wọlé sí wọn bí ẹni pé ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tá à ń ra páálí lọ́wọ́ wọn, pé wọ́n ti yí bánkì padà, nọ́ńbà akáǹtì tuntun nìyí. Lógò wà níbẹ̀, invoice wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ tá a ti jọ sọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú lọ ni. Orúkọ àwọn oní páálí yìí ní m láàárín, ẹni tó kọ ímeèlì yẹn wá fi r àti n dípò rẹ̀, rn, tẹ́ ẹ bá sáré wò ó, m lẹ máa pè é. Àǹtí rí i torí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí lẹ́tà tóbi gan-an lórí kọ̀ǹpútà wọn nítorí ojú, ó wá hàn gbangba pé lẹ́tà méjì ni. Wọ́n tẹ Report. Lọ́jọ́ kejì irú ímeèlì yẹn wọlé sí ọmọkùnrin kan tóun náà láṣẹ láti sanwó, òun ò rí rn kankan, ó sanwó. Ọjọ́ Jímọ̀ làwọn oní páálí pè pé owó àwọn dà. Ká tó dé bánkì, akáǹtì yẹn ti gbẹ. Nígbà tí mo lọ bá Àǹtí pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, “Ṣebí mo ti tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan mìíì lónìí, ẹ lọ sí security.microsoft.com, Email & collaboration, Policies & rules, Threat policies, Advanced delivery, ẹ fi àdírẹ́sì àpótí yẹn sábẹ́ SecOps mailbox (àpótí àwọn tó ń rí sí ààbò), ìyẹn ni ohun tó wọlé síbẹ̀ ò fi ní há mọ́. Àpótí náà gbọ́dọ̀ wà lórí Exchange Online. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ímeèlì jìbìtì gidi kan tó wọlé sí yín, ẹ tẹ Report, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i níbẹ̀. Kí èèyàn méjì ó kéré tán máa wo àpótí yẹn, torí ẹnì kan lè lọ lífù. Kí wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ lóhùn, kódà kó jẹ́ “a ti rí i, ẹ ṣeun”, torí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò fèsì, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ tún rántí pé bọ́tìnnì yìí ò dí ohunkóhun lọ́nà. Nígbà tá a tú ọ̀rọ̀ wa wò, a rí i pé àwọn oníjìbìtì yẹn ti wọ àpótí ẹnì kan lọ́dọ̀ wa, wọ́n ṣe rule kan síbẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń kó gbogbo ímeèlì àwọn oní páálí lọ sínú fóódà RSS Feeds, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló wà lórí akáǹtì yẹn, kò sí MFA, ìyẹn ẹ̀rí kejì tí wọ́n máa ń béèrè lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. DMARC, àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá ímeèlì wá láti dóméènì tó sọ pé òun ti wá, náà ò lè gbà yín lọ́wọ́ irú rn yìí, torí dóméènì àwọn oníjìbìtì fúnra wọn ni, àwọn náà lè ṣe SPF àti DKIM, ẹ̀rí tí DMARC ń wò, tó péye sí i. Ohun tó ń dá a dúró lọ́dọ̀ wa báyìí ni pé tí nọ́ńbà akáǹtì bá ti yí padà, a máa pe oníǹkan lórí nọ́ńbà fóònù tó ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà.

Tí add-in yín bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíì yàtọ̀ sí Microsoft, ẹ ka ohun tó ń tọrọ kẹ́ ẹ tó gbà fún un. Èyí tó bá ní òun fẹ́ ka ímeèlì téèyàn ṣí nìkan, kò burú, èyí tó bá ń tọrọ ReadWriteMailbox, gbogbo àpótí lẹ fà lé e lọ́wọ́ yẹn, ẹ béèrè ibi tó ń kó o lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti 2023 ò ní bá olùtajà yẹn wí ṣáájú yín, ilé iṣẹ́ yín ló máa kọ́kọ́ bi, wákàtí 72 péré lẹ sì ní láti sọ fún Kọmíṣọ̀n tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà tí dátà àwọn èèyàn bá tú síta lọ́nà tó lè pa wọ́n lára.

Tí ọ̀gá bá sọ pé owó láti kó àwọn tó kù bọ́ sórí 365 pọ̀ jù, ẹ sọ fún wọn pé FBI ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ti 2023 pé irú jìbìtì ímeèlì ilé iṣẹ́ yìí gba nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 2.9 lọ́wọ́ àwọn tó mẹ́jọ́ wá bá wọn lọ́dún yẹn. Nọ́ńbà yẹn ni mo fi bá ọ̀gá tèmi sọ̀rọ̀ tó fi fọwọ́ sí i fún àwọn ará Ṣàgámù.

Ti àwọn méje yín, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan nínú wọn, nínú Outlook àtijọ́ ẹ tẹ File, Account Settings, ẹ tún tẹ Account Settings, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Type. Ẹ padà wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀, mo wà lórí ìlà lálẹ́ yìí.